Tòlótòló Ọjọ́ Ìdúpẹ́ ní Òmù-Àrán

Ọmọ mi obìnrin ló kọ́kọ́ rántí. Nígbà náà, a ti lo bí oṣù méjì nílé ìyá mi ní Òmù-Àrán: èmi, ọkọ mi, ọmọ mi yìí, àti àwọn ọmọ méjì tí a fẹ́ gbà ṣe ọmọ láti ilé ìtọ́jú ọmọ aláìlóbìí. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá wa gbé fúngbà díẹ̀ kí kọ́ọ̀tù tó lè fi wọ́n lé wa lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi kó wá láti Kánádà, níbi tí a ń gbé, tí a sì bí ọmọ wa sí.

"Mọ́mì, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ọjọ́ ìdúpẹ́ o. Níbo la ti máa rí tòlótòló?"

Ní Kánádà, tí oṣù kẹwàá bá dé, gbogbo ẹbí á jókòó yí tábìlì ká, wọ́n á jẹ tòlótòló, oníkálukú á sì sọ ohun tó ń dúpẹ́ lé lórí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọ mi, a ò sì fo ọdún kan rí. Mo ṣàlàyé fún ìyá mi.

"Ṣé ìkórè ni?"

"Ó jọ ọ́, Màmá. Àmọ́ ilé la ti ń ṣe é, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ẹ jẹ́ ká ṣe é, jàre. Iṣu tuntun ṣáà wà nílẹ̀."

Ara mi yá gágá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tuntun náà ń jẹ mí lọ́kàn. Ọmọ ọdún méje ni ẹ̀gbọ́n, obìnrin ni. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n yìí kì í sọ̀rọ̀. Tí mo bá bi í pé ṣé ó yó, á kàn mi orí. Tí ọmọ mi bá pè é síta kí wọ́n ṣeré, á di àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ mú, á fẹ̀yìn ti ògiri, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n ní kó padà síbi tó ti wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọkọ mi lọ ra tòlótòló ní Ìjàrà-Ìsin. Akọ ńlá ni. Bó ṣe gbé e jáde látinú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ báyìí, okùn ẹsẹ̀ rẹ̀ tú. Tòlótòló gbọn ara rẹ̀, ó wò wá, ó fò fẹ̀rẹ̀.

"Ẹ dí i! Ẹ dí i!" Ìyá mi ń pariwo láti ìdí ààrò.

Ọkọ mi gbá tẹ̀ lé e, bàtà rẹ̀ kan yọ sílẹ̀. Ọmọ mi fi igbe ta, ó gun orí àga, nítorí inú ọ̀rá ní ilé ìtajà ló ti máa ń rí tòlótòló, tó ti dì gbagidi. Tòlótòló da èlùbọ́ tí ìyá mi sá sóòrùn nù, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn kan tí n kò mọ̀.

"Ọ́ńkù, ẹ má lé e báyẹn! Àǹtí, ẹ dúró síbẹ̀! Ìwọ, sọ̀ kalẹ̀, lọ dúró lẹ́nu géètì!"

Ẹ̀gbọ́n ni. Ó ti fi ọwọ́ àbúrò rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo wa ṣe bó ṣe wí, títí kan ìyá mi. Ó bu àgbàdo sọ́wọ́, ó ń yọ́ rìn, ó ń pè é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí tòlótòló ṣe na ọrùn sí àgbàdo, ó bẹ́ mọ́ ọn, ó gbá ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì mú, tọmọ ti tòlótòló sì ń yí nínú iyẹ̀pẹ̀.

"Mo ti mú un! Mo ti mú un!"

Àbúrò rẹ̀ ń fò sókè, ó ń pàtẹ́wọ́. Ọmọ mi sáré wá láti ẹnu géètì, ó dì mọ́ òun àti tòlótòló pọ̀. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi náà ń pariwo, n kò mọ ohun tí mò ń wí.

Nírọ̀lẹ́, a tẹ́ ẹní sí fàráńdà nítorí tábìlì Màmá kò gbà wá. A gbé iyán kalẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ẹran tòlótòló díndín, àti ìrẹsì nítorí ọmọ mi. Ọmọ mi ní kí oníkálukú dúpẹ́. Ìyá mi dúpẹ́ fún òjò, ó dúpẹ́ fún orúnkún rẹ̀, ó dúpẹ́ títí ìrẹsì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tutù. Ó wá kan ẹ̀gbọ́n.

"Mo dúpẹ́ pé èmi ni mo mú un," ó wí, ó sì nawọ́ sí itan ẹran.

"Ẹ gbé itan fún un o!" ni ìyá mi wí. "Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni."

Láti ọjọ́ náà, ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́ mọ́. Òun àti ọmọ mi ń jà lórí ẹni tí yóò sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, inú mi sì ń dùn sí ìjà náà.

Nígbà tó yá, kọ́ọ̀tù pè wá sí Ìlọrin. Adájọ́ obìnrin kan yọ awò ojú rẹ̀, ó bi ẹ̀gbọ́n pé:

"Ṣé o mọ àwọn tó jókòó tì ọ́ yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Àbúrò mi nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, àmọ́ èmi ni mò ń kọ́ ọ ní eré tẹ́n-tẹ́n."

Adájọ́ rẹ́rìn-ín, ó sì buwọ́ lu ìwé tó sọ àwọn méjèèjì di ọmọ wa.

A ti kọjá Ganmo lọ́nà ilé. Lójijì, ọkọ mi tẹ fèrè ọkọ̀ láìsí ẹni kankan lójú ọ̀nà. Àwọn ọmọ wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hó yèè, a sì ń hó bọ̀ títí a fi dé Omupo.