Ríbọ́ọ̀nù Pupa Tó Wà Lẹ́nu Ọ̀nà Yàrá Iṣẹ́ Abẹ

Ọjọ́ Ajé ni Bàbá Dídán kú. Ọjọ́ yẹn nìkan ni kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárín ọ̀sẹ̀, àwa oníbàárà rẹ̀ sì ti fẹnu kò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ọkùnrin náà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá bá ìlẹ̀kùn ní títì láé. Ká ní ọjọ́ Sátidé tí èrò máa ń pọ̀ ni ikú dé, mo mọ ohun tí ì bá sọ fún un: "Wá ibì kan jókòó sí, ó ku èèyàn mẹ́ta kó tó kàn ẹ́."

Onígbàjámọ̀ ni. Orí tó bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá kì í jáde láìdán, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Bàbá Dídán. Òun ló ń gé irun mi láti ìgbà tí mo ti nírun. Nígbà tí irun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí sílẹ̀, ó wo orí mi nínú dígí, ó mi orí tirẹ̀, ó ní: "Ọ̀gá akọ̀ròyìn, ẹ má banú jẹ́. Àwọn kan ń wá iwájú kiri, tiyín ń gbòòrò sí i lójoojúmọ́."

Ẹ wá ń sọ fún mi pé àmúwá Ọlọ́run ni ikú rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Ọlọ́run sílẹ̀ o. Ọlọ́run kọ́ ló so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá Dídán gun àkàbà láti nu pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àkàbà yọ̀, Bàbá fi ìdí balẹ̀ gbì! Egungun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́, ó sì fún àwọn iṣan kan pa. Ó dìde nígbà tó yá, ó fi ọ̀pá rìn. Ọwọ́ rẹ̀ pé, ẹnu rẹ̀ pé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ àpò ìtọ̀ rẹ̀ ò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Á kún, Bàbá ò ní mọ̀. Bó bá sì mọ̀, kò ní lè tọ̀. Ni wọ́n bá ki rọ́bà sí i lára, wọ́n so àpò ọ̀rá kan mọ́ ìdí rọ́bà náà kí ìtọ̀ máa dà sínú rẹ̀.

Ẹlòmíràn á torí ẹ̀ ti ìlẹ̀kùn mọ́rí. Bàbá Dídán mú aṣọ tó fi ń bo oníbàárà lọ́rùn, ó rán ẹ̀wù fún àpò náà, ó so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ itan, ó sì sọ ọ́ ní Akọ̀wé. "Ẹ kí Akọ̀wé mi," ló máa ń sọ fún ẹni tó bá wọlé. "Gbogbo ohun tí mo bá mu ló ń kọ sílẹ̀. Kò ṣeé purọ́ fún." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á bú sẹ́rìn-ín, ẹni tó wà lórí àga á máa gbọ̀n, Bàbá á sì di orí rẹ̀ mú: "Fara balẹ̀ o. Etí ò ní ìpààrọ̀."

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ku èmi àti ẹ̀ nìkan, ó pa kílípà. Ó ní, "Ṣé ẹ mọ ohun tó ń wù mí? Kí n dúró, kí n tọ̀, kí n gbọ́ bó ṣe ń dún. Ìyẹn nìkan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tọ̀ lójoojúmọ́, ẹ ò mọ̀ pé orin ni." Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó yí ojú sí ògiri, ó fi aṣọ ìnura nu ojú. Ó dùn mí wọra.

Ọ̀nà àbáyọ sì wà o! Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Dókítà obìnrin kan wà ní ilé ìwòsàn ńlá wa tó ti lọ kọ́ irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó ti Bàbá, ó ṣàlàyé fún un bí ẹni ń bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Bàbá, iṣan tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún àpò ìtọ̀ yín ti kú. Àmọ́ àwọn tó ń lọ sí itan yín wà láàyè dáadáa. A máa mú ẹ̀ka kan níbẹ̀, èyí tí itan lè yọ̀ǹda, a máa rán an mọ́ èyí tó lọ sídìí àpò ìtọ̀. Díẹ̀díẹ̀ lá máa hù wọlé. Tó bá gbà, ẹ máa kọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa fún itan pọ̀ kí ìtọ̀ lè jáde."

"Ṣé itan ni á wá máa pàṣẹ?"

"Itan ni, sà."

"Tí ẹ̀fọn bá jẹ mí nítan níwájú àwọn àna mi ńkọ́?"

Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Àmọ́ kò tàn án jẹ. Ó ní iṣẹ́ náà kì í gbà fún gbogbo èèyàn, kì í sì í dúró deni: àpò ìtọ̀ tí iṣan kò bá bá sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́ á gbàgbé iṣẹ́. Kí ọdún tó yí po ló yẹ kí wọ́n ṣe é. Àwọn iṣan yìí sì tín-ín-rín bí òwú. Láìsí awò ńlá tó ń sọ nǹkan bín-ín-tín di gàgàrà, kò sẹ́ni tó lè rán an.

Awò náà dà? Ó wà ńlẹ̀! Tuntun, ọ̀rá rẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀, nínú yàrá iṣẹ́ abẹ tuntun, iná ibẹ̀ ń tàn, ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn sí òfìfo. Kí ló wá kù? Ríbọ́ọ̀nù pupa kan tí wọ́n ta dí ẹnu ọ̀nà. "A ò lè lo ohun tí àlejò pàtàkì kò tíì wá ṣí," ni Ọ̀gá Àgbà ilé ìwòsàn wí. Àlejò pàtàkì rìnrìn àjò. Ó dé, ó ní ìpàdé. Ìpàdé parí, ọmọ rẹ̀ ń gbéyàwó. Nígbà tó yá, wọ́n tún ògiri yàrá náà kùn nítorí pé ọ̀dà àkọ́kọ́ ti ń ṣá kí àlejò tó dé. Ẹ gbà mí o! Wọ́n rí ọ̀dà tó ń ṣá, wọn ò rí èèyàn tó ń kú lọ.

Bàbá Dídán fúnra rẹ̀ lọ síbẹ̀, èmi ni mo gbé e lọ. Ó fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà náà, Akọ̀wé ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó yọjú wo awò náà láti ojú gíláàsì. Ó wo ríbọ́ọ̀nù. Ló bá ki ọwọ́ bọ àpò àyà, ó yọ àlùmọ́gàjí tí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ fún un.

"Ọmọ mi," ó sọ fún ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, "jẹ́ kí n bá wọn gé e. Ọ̀fẹ́ ni."

Ọlọ́dẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. "Bàbá, ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́?"

"Wọn ò ní lé ẹ. Ṣáà ṣí fìlà ẹ, mi ò lè gbé àlùmọ́gàjí wá lásán." Níbẹ̀ ló ti bá ọlọ́dẹ tún irun rẹ̀ ṣe, àwọn nọ́ọ̀sì dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ṣé ẹ rí i? Ọwọ́ tó lè gé e wà níbẹ̀, irinṣẹ́ wà níbẹ̀, dókítà wà lókè. Àṣẹ nìkan ni kò sí.

Ọdún yí po. Dókítà obìnrin náà bẹ̀bẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Rọ́bà tó ń gbé ìtọ̀ jáde ló sì ń gbé àrùn wọlé. Ibà á dé, á lọ, á tún dé, títí ó fi ba kíndìnrín Bàbá jẹ́. Ní ọjọ́ ìsìnkú, Ọ̀gá Àgbà ránṣẹ́ ìbánikẹ́dùn: "A sa gbogbo ipá wa." Háà! Ipá yín ò ká ríbọ́ọ̀nù? Aṣọ tí kò tó nu imú!

Ẹ má rò pé torí òkú nìkan ni mo ṣe ń pariwo. Aránṣọ kan wà ní wọ́ọ̀dù báyìí tí ọkọ̀ gbá, irú ìpalára Bàbá Dídán gẹ́lẹ́, rọ́bà àti àpò wà lára òun náà. Ọdún tirẹ̀ kò tíì yí po. Mo lọ kí i. Mo sọ ìtàn Akọ̀wé fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun máa rán ẹ̀wù fún tòun náà, pẹ̀lú léèsì. Lẹ́yìn náà ló bi mí léèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ni àlejò yẹn ń bọ̀?"

Ọ̀gá Àgbà, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dá a lóhùn. Ta ló pàṣẹ pé kí aláìsàn dúró de ayẹyẹ? Ẹ dárúkọ ẹni náà fún gbogbo ìlú. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ kúrò lórí àga yẹn. Kí dókítà wọ yàrá náà lọ́sẹ̀ yìí, kó tọ́jú aránṣọ náà. Bí àlejò pàtàkì bá wá dé lọ́jọ́ iwájú tó sì ní dandan àfi kóun gé nǹkan, ẹ so òmíràn fún un. Ríbọ́ọ̀nù ò wọ́n.

Láàárọ̀ àná, èmi àti ìyàwó Bàbá Dídán lọ sí ọ́fíìsì yín. A ò bá yín níbẹ̀. Màmá tú aṣọ funfun kan, ó gbé àlùmọ́gàjí ọkọ rẹ̀ lé orí tábìlì yín. Obìnrin tó ń gba àlejò béèrè pé, "Màmá, ṣé irun lẹ wá gé fún ọ̀gá ni?"

Màmá ní, "Rárá, ọmọ mi. Ọ̀gá ẹ á mọ ohun tó máa fi gé."

Ó wà lórí tábìlì yín báyìí. Ó mú dáadáa. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú rẹ̀ ni Bàbá Dídán pọ́n ọn.