Ilé Alámọ̀ Tí Wọ́n Ní Kò Níye Lórí

Nígbà tí Yunus kú, Ràódátù ìyàwó rẹ̀ kò pariwo. Ó ṣe opó rẹ̀ parí, ó jáde, ó gbálẹ̀ àgbàlá, ó sì gbé búútà tí olóògbé fi ń ṣe àlùwàlá padà síbi tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bí ẹni pé ẹni tó ni ín ń bọ̀ wá mú un.

Ògiri yẹn, amọ̀ ni. Amọ̀ ni gbogbo ilé náà, ní Kirkissoye, létí Odò Ọya, níbi téèyàn ti ń rí afárá Kennedy lókèèrè. Ẹsẹ̀ òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n fi tẹ amọ̀ ọ̀hún nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìlọrin dé Niamey, olú-ìlú Niger. Lọ́dún tí odò kún wọ àdúgbò, ilé àwọn mìíràn rọ̀ wó bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi, tiwọn dúró, torí Yunus ti kọ́kọ́ fi òkúta to ìpìlẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni Ràódátù ti pinnu pé ọjọ́ tí wọ́n bá ń gbé òun lọ sin nìkan lòun máa kúrò níbẹ̀.

Àmír, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, kò rí i bẹ́ẹ̀. Niamey ni wọ́n bí i sí, ilé-ìwé Faransé ló lọ. Ó ń fi sìmẹ́ǹtì kọ́lé lọ́wọ́ ní Banifandou, ilé dé ojú fèrèsé, owó tán. Nínú ogún ilé bàbá, nílànà Ìsìláàmù, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti opó, ìyókù di ti ọmọ. Àmír ní kí wọ́n ta ilé amọ̀ náà, kí ìyá rẹ̀ wá bá òun gbé.

"Màmá, odò á tún padà wá. Ṣé ẹ fẹ́ kí n wá fi ọkọ̀ ojú omi gbé yín ni?"

"Tí o bá ń bọ̀, wá ọkọ̀ tó láyè. Ẹrù mi pọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó máa padà wá, Yàqúb ló mú dání. Alágbàtà ilé àti ilẹ̀ ni Yàqúb, ọmọ Ìlọrin bíi tiwọn, ẹnu rẹ̀ dùn ju fùrá olóyin lọ. Ó ní oníṣòwò ńlá kan tó fẹ́ rà á ló rán òun. Ó yí ilé ká, ó fi imú bàtà gbá ẹsẹ̀ ògiri, amọ̀ díẹ̀ já bọ́, ó pòṣé.

"Ìyá, ilé dà níbí? Amọ̀ rèé. Ilẹ̀ nìkan là ń rà, ilẹ̀ ọ̀hún náà, odò ń wò ó lójú. Mílíọ̀nù mẹ́fà owó sẹ́fà. Àánú yín ló ṣe mí."

Ràódátù mọ̀ pé irọ́ ni. Ilẹ̀ tó kéré sí tirẹ̀, tó tún súnmọ́ odò jù ú lọ, ìlọ́po méjì iye yẹn ni wọ́n tà á lẹ́ẹ̀rùn. Níbi ìsọmọlórúkọ ni ìyàwó ẹni tó tà á ti ń fi yangàn. Ṣùgbọ́n kò já a, torí aṣọ ló ti ń tà láti ìgbà èwe rẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ nídìí aṣọ mọ̀ pé oníbàárà tó ń bú ọjà, ọjà yẹn ló wù ú.

"Àmír, ṣé lójú tìrẹ, iye rẹ̀ nìyẹn?"

"Màmá, ọjà ló ń dá iye lé nǹkan, kì í ṣe èmi."

"Ọjà ò lẹ́nu, ọmọ mi. Èèyàn ló ń bá a sọ̀rọ̀." Ó dìde. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ Àáfà."

Àwọn ará Ìlọrin tó wà ní Niamey kì í ta ohun ogún láì dé ọ̀dọ̀ Àáfà Mùhàmmádù, tó ń bá wọn pín in. Lẹ́yìn ìrun àsáárì, wọ́n jókòó sórí ẹní nínú ọgbà mọ́sálásí, àwọn àgbà díẹ̀ dúró tì wọ́n. Yàqúb bẹ̀rù kí Àáfà má lọ bu owó lé e, ló bá tún ń bú ilé náà sí i. Kò sí ohun tí kò pè é tán.

"Yàqúb," Ràódátù dá a dúró, "ṣé iye rẹ̀ gan-an lo sọ, tí kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀?"

"Mo fi Ọlọ́run búra. Kódà, ó ti wọ́n jù."

"Àmír, ṣé o fẹ́ ta ìpín tìrẹ ní iye náà?"

"Mo fẹ́ tà á, Màmá."

"Ẹ̀yin àgbà, ṣé ẹ gbọ́?" Wọ́n ní àwọn gbọ́. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó kọjú sí Àáfà. "Bí ẹni méjì bá jọ ni ilé, tí ọ̀kan fẹ́ ta tirẹ̀ fún ará ìta, ta ló kọ́kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti rà á ní iye tí ará ìta fẹ́ san?"

Àáfà ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ó ń rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n. "Ẹni tí wọ́n jọ ni ín ni. Ṣúfúà ni ìwé kéwú ń pè é. Kó ṣáà tètè san owó."

"Mo rà á nìyẹn."

Yàqúb dìde, ó tún jókòó. "Ẹ dúró ná. Ká tún ilé yẹn gbé yẹ̀wò. Ibi tó wà dára, ó súnmọ́ afárá."

"Ṣé òwúrọ̀ yìí ni wọ́n ṣe afárá?" ni àgbà kan bi í. Ẹ̀rín sọ.

Àmír sọ ọ́ sí ìyá rẹ̀ létí. "Màmá, owó yẹn kéré."

"Ṣé ọjà ti yí ohùn padà ni?" Lẹ́yìn náà ló wá rọ ohùn. "Ta ló máa jogún mi, Àmír? Ìwọ náà ni. O gba owó ilé lónìí, o ṣì máa gba ilé lọ́jọ́ iwájú. Sọ fún mi, ta ni mo rẹ́ jẹ?"

Àmír yíjú sí Àáfà, ó ní òun gbà.

Owó Mẹ́kà ni Ràódátù fi san án. Òun àti Yunus ti ń tọ́jú owó, oníkálukú tirẹ̀, pé àwọn jọ máa lọ ni. Nígbà tó ń tú tirẹ̀ jáde, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá sọ fún ara rẹ̀ pé Káábà Mẹ́kà ò ní sá lọ. Ilé yìí ni wọ́n fẹ́ gbé sá. Ó tún kó wúrà ọrùn àti ti etí lọ tà fún alágbẹ̀dẹ wúrà, títí owó fi pé.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó ká ìró sókè, ó ń tẹ amọ̀ tí yóò fi rẹ́ ògiri. Yàqúb yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní oníṣòwò ńlá yẹn ti gbà láti san ìlọ́po méjì, kódà kí ìyá ṣáà dárúkọ iye tó wù ú.

"Èyí tí mò ń tẹ̀ yìí lo ní kò níye lórí," ni Ràódátù wí, kò dúró. "Bọ́ bàtà wá bá mi tẹ̀ ẹ́, tàbí kí o yà fún mi."

Yàqúb yà. Ràódátù bu amọ̀ kún ọwọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ ògiri, níbi tí bàtà ti gbá.