Afeezat Sọ Àwòrán Di Èèyàn

Bí ẹ bá sọ lójú Afeezat aránṣọ pé nǹkan kan kò ṣeé ṣe, ẹ ti dá ìjà sílẹ̀ nìyẹn. Àwa aládùúgbò rẹ̀ ní Ẹ̀jìgbò ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Àbíjàn ni wọ́n bí i sí. Nígbà tó wà ní kékeré, fíìmù kan wà nílé wọn tí kì í sú u wò: kàtúùnù elédè Faransé, nípa ọmọdébìnrin kan tí ọba ìlú rẹ̀ fi àgádágodo ti kànga pa. Ọmọ náà dúró gbagidi níwájú ọba, ó wò ó lójú, ó ní òun kò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí gbogbo ìlú bá rí omi mu. Àwòrán lásán ni o, ṣùgbọ́n Afeezat ní ọmọ yẹn ló kọ́ òun ní ìgboyà. Wọ́n kó wálé, ó kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, kò gbàgbé. Nígbà tó wá rí i pé àwọn òyìnbó ń fi èèyàn ẹlẹ́ran ara tún àwọn kàtúùnù àtijọ́ wọn ṣe, ó ní, "Ṣé àwa ò lójú ni? Ṣé àwa ò lẹ́sẹ̀?" Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán agbádá ọba fún fíìmù tirẹ̀.

A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wa, la bá tẹ̀ lé e. Èmi ni mo ń di agboòrùn mú lórí fóònù tó fi ń yà á. Alhaji Sùlàímọ́nù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tọ́ńtọ́n bí wọ́n ṣe ń pe irú wọn ní Àbíjàn, ló ṣe ọba. Faith, ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ìtòsí wa, ló ṣe ọmọ náà. Ìdí kànga kan ní ìlú Ọlá, nítòsí Ẹ̀jìgbò, la ti ń yà á. Ìran ìkẹyìn nìkan ló kù, bẹ́ẹ̀ Tọ́ńtọ́n ń padà sí Àbíjàn lọ́jọ́ kejì. Bí a ò bá rí i yà lọ́jọ́ náà, fíìmù ti kú nìyẹn.

Tọ́ńtọ́n yọ nínú agbádá. Bí Faith ṣe rí i, orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀.

"Faith, dìde! Ọmọ yẹn kì í kúnlẹ̀!"

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ti kúnlẹ̀."

A tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ náà fi tipátipá dúró. Àwọn obìnrin tó wá pọnmi, tí a ní kí wọ́n ṣe ará ìlú, ló figbe ta: "Ìwọ ọmọ yìí, o ò rí àgbà ni? Kúnlẹ̀!" Ohùn wọn bo ti ọba mọ́lẹ̀. Inú sì bí Tọ́ńtọ́n.

"Afeezat, ṣé kí ọmọ tí mo lè bí ìyá rẹ̀ máa wò mí lójú kòrókòró, kí wọ́n sì máa wò ó kiri Àbíjàn? Mi ò ṣe mọ́." Ó ṣí fìlà.

Mo ní, "Afeezat, jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Ilé wo? N ò lọ síbì kankan." Ó gbé fóònù lé mi lọ́wọ́, ó lọ kúnlẹ̀ síwájú Tọ́ńtọ́n. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Dìde."

"N ò ní dìde, sà, àfi tí ẹ bá gbà."

"Mo ní o dìde! Ṣé o fẹ́ káwọn èèyàn máa wò mí bí ìkà ni?"

 Lójijì, Afeezat bú sẹ́rìn-ín lórí ìkúnlẹ̀, àfi bí ẹni pé orí rẹ̀ fẹ́ yí. "Faith! Máa bọ̀. Kúnlẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun yòówù kí ọba sọ, o ò gbọdọ̀ dìde."

Tọ́ńtọ́n ní bó bá jẹ́ ìyẹn, òun lè ṣe é. Ó dé fìlà padà. Afeezat dìde, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Kábíyèsí, ẹ bá wa ṣí kànga," ni Faith wí.

"Dìde, máa lọ sílé ìyá rẹ."

"Mi ò ní dìde, Kábíyèsí."

Ohun tí a jọ sọ ni pé kí ọba pàṣẹ kí wọ́n wọ́ ọ kúrò. Kó tó la ẹnu, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, tí ẹnikẹ́ni ò rán níṣẹ́, sọ kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ ti Faith. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi wà nílẹ̀, títí kan ìyá arúgbó kan tó ní láti di èjìká ẹlòmíràn mú kó tó lè kúnlẹ̀.  Tọ́ńtọ́n wo ìyá yẹn. Ó gbàgbé ohun tó yẹ kó sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣí àgádágodo tí a fi ti kànga náà.

"Ó tó. Mo ti gbọ́. Ẹ dìde, ẹ̀yin ìyá mi."

Omijé ń ṣàn lójú Afeezat, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ yíyà dúró. Nígbà tó yá, ó kígbe pé a ti parí.  Tọ́ńtọ́n ṣì ń fa àwọn obìnrin náà dìde lọ́kọ̀ọ̀kan.