Dòdò Oníyọ̀

Títí dòní, bí òórùn dòdò bá ta sí mi nímú, ilé wa ní Ọ̀kà ni mo máa ń rí.

Nígbà tí kíndìnrín bàbá mi daṣẹ́ sílẹ̀, obìnrin Ìkàrẹ́ tí bàbá mi tìtorí rẹ̀ já wa sílẹ̀ dá a padà fún màmá mi. Nọ́ọ̀sì tó ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kìlọ̀ fún wa pé kò gbọdọ̀ fẹnu kan iyọ̀ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá mi ń bẹ̀bẹ̀ lórí ẹní: "Ìyá Bọ́lá, dòdò díẹ̀ péré."

Màmá mi rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dín àwo kan, ó sì bu ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ sí i.

"Màámi, nọ́ọ̀sì ní..."

"Dákẹ́. Ọbẹ̀ mi tí kò níyọ̀ ni bàbá rẹ ní ó lé àwọn kúrò nílé yìí. Ẹ jẹun, olówó orí mi."

Bàbá mi jẹ ẹ́ yó, ó lá ìka, ó pe màmá mi ní ìyàwó àtàtà. Inú mi dùn. Mo rò pé wọ́n ti parí ìjà ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé dòdò yẹn ló dá ọkàn rẹ̀ dúró kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, màmá mi bo èyí tó kù, ó ní, "Bí ẹ bá tún fẹ́, ẹ pè mí."