Irùngbọ̀n Akọ̀wé: Kò Dá A Sí, Kò Fá A

Mùílíù ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n èmi ò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Àbúrò ọkọ mi ni. Wọ́n ti bí i kí wọ́n tó gbé mi wọlé wọn, ìyàwó ilé kì í sì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Nígbà tó ríṣẹ́ kọmí, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìdí káńtà, sí ilé ìtajà òyìnbó kan nítòsí wáàfù, Akọ̀wé ni mo sọ ọ́. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn nínú. Ẹ̀ bá rí bó ṣe ń rìn tí mo bá pè é bẹ́ẹ̀ láàárín èèyàn.

Ọmọ dáadáa ni. Kí n ti kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo kórìíra rẹ̀. Kì í mutí, kì í jà. Nígbà tí oyún Nímọ̀ wúwo lára mi, òun ló ń pọnmi fún mi, tí àwọn ọkùnrin àgbàlá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì dá wọn lóhùn. Ohun kan ṣoṣo ló ń ṣe é: kò lè yan nǹkan. Tó o bá gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti ẹ̀kọ tútù síwájú rẹ̀, yóò kọ́kọ́ bi ọ́ pé èwo nìwọ fẹ́ jẹ.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ogun Hítílà lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Nígbà yẹn, ọkọ̀ òkun ò lè sún mọ́ Kútọnu. Ojú agbami ló ń dúró sí, wọ́n á kó àwọn òyìnbó sínú agbọ̀n bí adìyẹ, wọ́n á fi irin gbé wọn sórí wáàfù. Akọ̀wé ló ń dúró nídìí káńtà ilé ìtajà yẹn, tó ń wọn aṣọ fún oníbàárà. Ọ̀gá wọn, òyìnbó pupa kan báyìí, ti sọ fún gbogbo kọmí pé òun ò fẹ́ irùngbọ̀n nídìí káńtà. Ó ní ó ń jẹ́ kéèyàn dà bí ẹni tí kò wẹ̀. Irun tó wà lókè ètè òun alára sì nìyẹn, ó fẹ̀ tó ìgbálẹ̀.

Kò dun Akọ̀wé, torí ó ti ń fá tiẹ̀ látìgbà tó ti hù. Látífàt ló mú ọ̀rọ̀ wá.

Látífàt yìí, ọmọ Àfáà Ìdírísù, fìlà ló ń rán nínú ọjà Misẹ̀bọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti ń ta òwú àti bọ́tìnnì. Èmi ni mo fi Akọ̀wé hàn án, èmi náà ni mo ṣe alárinà. Ọmọ náà fẹ́ ẹ. Ó máa ń bi mí pé ṣé Akọ̀wé jẹun kó tó jáde láàárọ̀. Ọmọbìnrin kì í bèèrè irú ìyẹn lásán.

Nígbà tá a lọ tọrọ rẹ̀, Àfáà gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ó fún wa lómi, ó bèèrè àwọn èèyàn wa ní Ìsẹ́yìn. Ìgbà tí a rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe ló wo Akọ̀wé lójú, tó fọwọ́ pa irùngbọ̀n tirẹ̀ tó funfun báláú. Ó ní òun ò ní fa ọmọ òun fún ẹni tí àgbọ̀n rẹ̀ ń dán bí àwo. Ó ní súnnà ni irùngbọ̀n, pé àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Kútọnu ti ń di òyìnbó díẹ̀díẹ̀, àgbọ̀n ni wọ́n sì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ó wá ní, “Lọ dá a sí. Tí mo bá rí i lójú rẹ ní yídì lọ́jọ́ Iléyá, níwájú gbogbo ìjọ, o ti mú ọmọ mi nìyẹn. Tí n ò bá rí i, má wulẹ̀ wá sílé mi mọ́.”

Yídì wọn, ìyẹn pápá tí wọ́n ti ń kírun ọdún, orí iyanrìn lọ́nà Kajẹ̀hún ló wà.

Bá a ṣe ń bọ̀ lọ́nà, mo ti sọ fún un. Ẹnu ni mo fi ń bọ̀wọ̀ fún un, torí ọmọ ọkọ ni, ṣùgbọ́n n ò fi ẹnu bo nǹkan kan. Mo ní, “Akọ̀wé, ẹ yan ọ̀kan. Tó bá jẹ́ káńtà lẹ fẹ́, ẹ padà lọ sọ fún Àfáà lónìí, kó bínú kó tán. Tó bá jẹ́ Látífàt lẹ fẹ́, ẹ̀gbọ́n yín ní ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, ẹ wá jókòó sídìí ọ̀kan.” Télọ̀ lọkọ mi, ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn kì í ṣe àsọdùn. Ó ní òun á rò ó.

Ìrònú yẹn ló pa wá. Ó máa dá irùngbọ̀n sí láàárín ọ̀sẹ̀, yóò rúwé bí ewéko tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ọ̀gá á wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó di inú ọṣẹ. Ó tún máa dá a sí, ó tún máa fá a. Àgbọ̀n rẹ̀ wá sú kókó wẹ́wẹ́, mo ń fi òrí pa á fún un bí ọmọ tuntun. Kò sì sẹ́ni tí kò bi. Ó bi ọkọ mi, ìyẹn ní iṣẹ́ kì í wà lọ́wọ́ ẹni kéèyàn jù ú nù. Ó bi àwọn ará mọ́ṣáláṣí, wọ́n ní kó dá a sí. Ó bi Éduwáà, ọmọ Agùdà kan tí wọ́n jọ ń ṣe kọmí. Éduwáà ní bàbá àgbà òun tó ti Bùràsíìlì dé ní irùngbọ̀n tó kan àyà, òun ò sì rí nǹkan tó fi mú bọ̀ ju eruku lọ. Ó sú onígbàjámọ̀ alára. Ó ní Akọ̀wé á jókòó, á gbórí lélẹ̀, bí abẹ bá ti kàn án, á di òun lọ́wọ́ mú, á ní kóun ṣe sùúrù ná.

Ọlọ́run wá ṣàánú, ọ̀gá wọn lọ sí kọ́njé, ìyẹn ìsinmi, nílùú wọn. Ọ̀gá ti lọ, irùngbọ̀n jáde. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó yẹ ẹ́. Ó kún, ó dúdú, ó wá gbé ojú rẹ̀ yọ bí ojú àgbà. Látífàt rán fìlà kan fún un, kò gbà kí n fún òun ní òwú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkọ mi pàápàá ń pè é ní Àfáà kékeré. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Iléyá ku díẹ̀ ni ọkọ̀ òkun gbé ọ̀gá padà dé. Ọjọ́ tó wọlé, ó dúró níwájú káńtà, ó na ìka sí àgbọ̀n Akọ̀wé. Ó ní tí òun bá tún rí i níbẹ̀ ní ọjọ́ Àtìní, ìyẹn Mọ́ńdè, kó má fẹsẹ̀ tẹ ibi iṣẹ́ mọ́.

Akọ̀wé wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín lọ́jọ́ yẹn. Ó ní òun ti rí ọ̀nà. Kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri ọ́fíìsì wọn sọ pé ọjọ́ Àláádì, tí àwọn Agùdà ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ni Iléyá bọ́ sí. Òun á lọ sí yídì láàárọ̀ Àláádì, Àfáà á rí irùngbọ̀n, gbogbo ìjọ á rí i. Tí òun bá ti pa àgbò òun tán, òun á fá a nírọ̀lẹ́, ó di Àtìní, òun ti wà nídìí káńtà. Kò sí ohun tí òun máa yàn, ọjọ́ ti yàn fún òun.

Mo bi í pé ta ló ń bi ògiri òyìnbó léèrè oṣù. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ oṣù ti ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn àgbà. Àwọn kan ní àwọn rí i lójú ọ̀run ní Gòdómè lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kútọnu, Àláádì sì ni Iléyá. Àfáà Ìdírísù ní kùrukùru bo gbogbo ojú ọ̀run lálẹ́ ọjọ́ yẹn, pé iná lọ́rì ni àwọn ará Gòdómè rí. Wọ́n fà á títí di Sátidé. Àwọn Gòdómè ò gbà, Àfáà náà ò gbà. Ti Àfáà bọ́ sí Àtìní.

Akọ̀wé sáré lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kó fún òun ní Àtìní. Ọ̀gá mú un lọ síwájú kàlẹ́ńdà, ó fi ìka tẹ Àláádì. Ó sáré lọ sílé Àfáà, ó ní kó wo irùngbọ̀n òun níbẹ̀ yẹn, kó jẹ́ kó tán. Àfáà ní yídì lòun sọ, òun ò sọ ẹnu ọ̀nà.

Ó wá kù sọ́wọ́ rẹ̀ wàyí. Ọ̀kan nínú méjì. Ní ọjọ́ Àláádì yẹn, ó jáde, ó wọlé, ó jáde, ó wọlé, ó lọ bi Éduwáà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó lọ bi ìyá tó ń dín ẹja létí òkun, ẹni tí kò mọ Àfáà, tí kò mọ òyìnbó. Ó padà wá bi mí. Mo gbé àpótí fún un, mo ní, “Ẹ jókòó. Ẹ fá a, tàbí kẹ́ ẹ má fá a. Èyí tẹ́ ẹ bá ṣe, màá gbè yín lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ má tún bi mí.”

Ó mú abẹ àti dígí, ó lọ sẹ́yìn ilé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Oòrùn ń wọ̀ nígbà tó jáde sí wa.

Ó ti fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó ti fá tòsì, ó wá fi ìdì kékeré kan sílẹ̀ ní ṣóńṣó àgbọ̀n, tó rọ̀ sílẹ̀ bíi ti òbúkọ. Ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì ni ti ọ̀gá, àárín ni ti Àfáà.

Ọkọ mi wò ó, ó wọ yàrá lọ. Èmi ni mo bi í pé ṣé ó mọ nǹkan tó ṣe. Torí ẹni tó bá fẹ́ pa àgbò Iléyá kì í gé irun, kì í gé èékánná, títí ọ̀bẹ á fi kan ọrùn àgbò. Ọmọdé tó ń kọ́ kéwú mọ̀ ọ́n. Àgbò rẹ̀ sì wà lórí ìso níbẹ̀ tó ń jẹ ewé. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní òun ti gbàgbé, torí pé Àláádì lòun ń kà bọ̀.

Ní Àtìní, ó kọ́kọ́ lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀gá ò pariwo. Ó wo ìdì irun yẹn, ó ní kó kúrò nídìí káńtà, kó lọ máa ka àpò ekùrọ́ ní ilé ẹrù lẹ́yìn. Ibẹ̀ ló ti yọ́ sá wá sí yídì. A ti kírun tán. Èmi àti àwọn obìnrin wà lẹ́yìn, mo rí i bó ṣe ń sáré bọ̀ nínú iyanrìn, tó di fìlà Látífàt mú lórí. Àfáà ti dúró ti àgbò, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ìjọ yí ojú sí i.

Àfáà sún mọ́ ọn, ó wo àgbọ̀n yẹn dáadáa, bí ẹni tó ń wo ọgbẹ́. Ó ní, “Ta lo fá apá ibí fún? Ta lo wá fi èyí sílẹ̀ fún?”

Akọ̀wé fọwọ́ bo àgbọ̀n. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, àwọn yòókù sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Àfáà dojú kọ àgbò rẹ̀.

N ò jẹ́ kó pẹ́. Ní ọjọ́ kejì ni mo lọ bá Látífàt lẹ́yìn ilé wọn, níbi tó ti ń sá ẹran. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní bàbá rẹ̀ á rọ̀ tó bá rí i pé ó dúró lé e. Ọmọ náà ò bínú, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

Ó ní, “Ìyá Nímọ̀, ká ní ó fá a pátápátá ni, ǹ bá bá bàbá mi jà nítorí ẹ̀. Ká ní ó dá a sí, tí òyìnbó lé e, ǹ bá bá a jẹ gààrí gbẹrẹfu. Ṣùgbọ́n ó pín àgbọ̀n ara ẹ̀ bí ẹran Iléyá. Tí wọ́n bá wá bèèrè èmi náà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́la, apá ibo ló máa gé fún wọn?”

Èmi tí ẹnu mi kì í dá, ẹran ni mo nawọ́ mú. Mo bá a sá ẹran tó kù, mo lọ sílé.

Kí ààwẹ̀ tó tẹ̀ lé e tó dé, wọ́n ti fi Látífàt fún Adélékan, tó ń ta aṣọ ní Misẹ̀bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Adélékan, ẹ mọ̀ pé àgbọ̀n rẹ̀ ò hu irun kan rí látìgbà tí wọ́n ti bí i. Ó mọ́ bí ẹyin. Mo lọ bá Àfáà, mo ní irùngbọ̀n ti èyí ńkọ́. Ó ní ohun tí Ọlọ́run ò fún èèyàn, òun ò ní bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo wá rántí pé Adélékan kò bi ẹnikẹ́ni kó tó lọ tọrọ ọmọ náà. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló gbé e lọ, òun nìkan. Mo kí i, mo bá ọ̀nà mi lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ so yìgì wọn, mo ti wọṣọ, mo ti pọn Nímọ̀. Akọ̀wé yọ sí mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti wọ agbádá, bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìkejì wà lọ́wọ́. Ó ti fá àgbọ̀n rẹ̀, ó mọ́ tónítóní, kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ó ní, “Ìyàwó wa, ṣé kí n lọ ni, àbí kí n jókòó?”

Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo tún ọ̀já Nímọ̀ so, mo sì bọ́ sójú ọ̀nà. Nígbà tí mo dé ìyànà tí mo bojú wẹ̀yìn, ó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, ó ń dá aládùúgbò kan tó ń kọjá dúró.