Alárinà Tó Ń Sanra

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Ìwó mọ̀ pé ẹnu mi ò ní bíréèkì. Èmi Tinúkẹ́ Ògúndípẹ̀, mátírọ̀n wọ́ọ̀dù aláboyún ní ilé ìwòsàn kékeré kan nílùú yìí, ọdún kọkànlélógún mi rèé lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti pariwo mọ́ dókítà, mo ti pariwo mọ́ ọkọ ìyàwó, mo sì ti lé pásítọ̀ ìjọ tèmi gan-an jáde nígbà tó fẹ́ máa gbàdúrà lórí ẹni tó yẹ kó ti wà lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo pariwo mọ́ tí kò mì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Zakiyyah Sàlàkọ́ lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ilé kéwú ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ nínú agboolé wọn títí dòní. Ó kàwé kọ̀ǹpútà, ó padà wálé, wọ́n gbà á síbi tí a ń tọ́jú fáìlì aláìsàn. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé tó bá kí ẹ, o ní láti sún mọ́ ọn kí o tó dáhùn. Mo rò pé ojo ni. Áà, mo ṣi í mọ̀!

Kó tó dé, tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára obìnrin, èmi ni màá gbé fóònù, màá pe ọgbọ̀n èèyàn tó lè fúnni lẹ́jẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdajì á ti pa fóònù, àwọn ìyókù á ní àwọn wà lóko. Zakiyyah ló gbé ètò kan sínú kọ̀ǹpútà fún wa, ó pè é ní alárinà. Bí alárinà ìgbéyàwó ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ ẹbí ọkọ lọ sọ́dọ̀ ẹbí ìyàwó, bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo máa tẹ irú ẹ̀jẹ̀ tí mo ń wá, alárinà á gbé e lọ sórí fóònù mẹ́ta: ọ̀kan ní Ìwó níbí, ọ̀kan ní Olúpọ̀nnà, ọ̀kan ní Kuta. Ẹni tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀ á tẹ “mo ti gbọ́”, á wá lọ kó àwọn tí a ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò tẹ́lẹ̀ jáde. Tó bá ti tẹ ẹ́, alárinà á sọ ẹrù yẹn kalẹ̀. Tí kò bá tẹ ẹ́, alárinà á ṣì gbé e dání nínú orí rẹ̀, ibi tí wọ́n ń pè ní mẹ́mọ́rì.

Ó ṣiṣẹ́ fún ọdún kan àtààbọ̀, a ń yọ̀. Ìgbà tó yá ni alárinà bẹ̀rẹ̀ sí í dákú. Mẹ́mọ́rì rẹ̀ á kún, gbogbo nǹkan á dúró gbagidi. Ọkùnrin tó gbé ẹ̀rọ náà wá láti Ìbàdàn, Dúró lorúkọ rẹ̀, ní ká máa pa á, ká tún tan-án. A ń pa á, a ń tan-án. Ó kọ́kọ́ ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dákú, ó di ọ̀sẹ̀ méjì, ó di ọjọ́ mẹ́jọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó dákú láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Mo tẹ ìpè, ìpè jókòó síbẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, obìnrin kan sì ń tútù lọ lójú mi. Fóònù mi ni mo padà fi wá ẹ̀jẹ̀ fún un, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Bí mo ṣe rí i pé ó ti mí dáadáa, mo gba yàrá fáìlì lọ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ mi, mo sì tú gbogbo ohun tó wà nínú mi sórí Zakiyyah.

Ó dúró títí mo fi parí. Ó ní, “Mọ̀ọ́mì, ẹ bínú, ó tọ́. Ẹ ṣáà bá mi sọ fún wọn, kí ẹnikẹ́ni má pa á mọ́ láìsọ fún mi. Tí a bá ń pa á ṣáá, ohun tó ń ṣe é ń sá mọ́ mi lójú ni.”

Mo ní, “Ṣé o mọ Faridah tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin?”

Ta ni ò mọ Faridah? Oyún méjì ti bọ́ lára rẹ̀. Èyí tó dúró yìí, ibi ọmọ ló dí ojú ọ̀nà, ẹ̀jẹ̀ sì ti dà lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wá jẹ́ irú tó ṣọ̀wọ́n, àpò kan péré la ní. Nínú gbogbo àwọn tí orúkọ wọn wà lọ́wọ́ wa, àwọn mẹ́ta tó lè fún un, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n, àwọn ọmọ Adédìpẹ̀ ní Kuta. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, Faridah di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Mátírọ̀n, ẹ má jẹ̀ẹ́ n kú o.”

Mo ní, “Tí nǹkan yìí ò bá gbádùn títí di Ọjọ́rú, màá yọ wáyà rẹ̀ dànù, màá padà sídìí fóònù mi.”

Ó ní, “Ẹ fún mi di Ọjọ́rú.” Kò bẹ̀bẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni bá fara balẹ̀ pa eèrà, á rí ìfun inú rẹ̀. Zakiyyah mú ìwé àkọsílẹ̀ kan, ó fa ìlà márùn-ún sí i: Àṣùbáà, Àìlà, Àlásárì, Màgàríbì, Ìṣàì. Tó bá ti kírun tán, á wo iye tí mẹ́mọ́rì ti gbà, á kọ ọ́ sílẹ̀. Ó lè wò ó lórí fóònù rẹ̀ láti ilé. Mo bú u pé ṣé ìwé kíkọ ló máa wo alárinà sàn. Ó ní, “Mọ̀ọ́mì, ṣé ẹ̀yin kì í kọ ìgbóná ara aláìsàn sórí káàdì ni?”

Èmi rò pé àwa la ń tẹ ìpè jù, inú sì ń bí mi pé wọ́n fẹ́ dá wa lẹ́bi. Lọ́jọ́ Àìkú a ò tẹ nǹkan kan. Lọ́jọ́ Ajé, Zakiyyah fúnra rẹ̀ tẹ ogójì ìpè ìdánwò. Ó gbé ìwé wá: bí alárinà ṣe sanra lọ́jọ́ Àìkú náà ló sanra lọ́jọ́ Ajé. Ó ní, “Kì í ṣe ohun tí ẹ ń tẹ ló ń jẹ.” Ó tún fi ohun mìíràn hàn mí. Tí a bá pa á, tí a tún tan-án, kì í bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Orí iye tó ga ju ti àtẹ̀yìnwá ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Ẹni tó sùn tó jí, tó tún jẹ́ pé àárẹ̀ àná ṣì wà lára rẹ̀, iṣẹ́ òní kọ́ ló rẹ̀ ẹ́. Ẹrù kan wà tó ń gbé sùn, tó sì ń gbé jí.”

Dúró pè láti Ìbàdàn, ó ní ká ra mẹ́mọ́rì tó tóbi sí i. Zakiyyah ní, “Bọ̀dá Dúró, ikùn ẹnì kan ń wú, ẹ ní ká ra bẹ́líìtì gígùn fún un. Ṣé a ò ní bèèrè ohun tó ń wú u ni?” Mo rẹ́rìn-ín débi pé nọ́ọ̀sì kan sáré wọlé. Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ọmọ náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ìrun Àìlà, ó wá bá mi ní wọ́ọ̀dù. Ó ní kí n jókòó. Kò sẹ́ni tó máa ń ní kí n jókòó.

Ó ní, “Mo ti rí i. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, alárinà máa ń kí fóònù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ṣé ẹ wà níbẹ̀? Fóònù á dáhùn fúnra rẹ̀, alárinà á sọ ìkíni yẹn nù. Mo ka ohun tó kù fún fóònù kọ̀ọ̀kan. Ìwó, kò sí. Olúpọ̀nnà, kò sí. Kuta, ọ̀kẹ́ mọ́kànlá.”

“Ọ̀kẹ́ kí ni?”

“Ọ̀kẹ́ mọ́kànlá ìkíni, Mọ̀ọ́mì, ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba. Oṣù márùn-ún ló ti ń kí wọn, tí wọn ò dá a lóhùn. Kò sì gbàgbé ẹyọ kan.”

Kó tó dárúkọ, mo ti mọ ẹni tó ń sọ. Bàbá Ajíbóyè ló ni fóònù Kuta. Oṣù márùn-ún sẹ́yìn la sin wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, kó má di pé ẹlòmíì ló sọ ọ́. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ìpè tó bá pé wákàtí méjì, alárinà á gbé e dànù. Bàbá Ajíbóyè ti oko dé lọ́jọ́ kan, wọ́n gbọ́ pé ìpè wá, wọn ò rí i. Wọ́n wá sí Ìwó, wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò wá lè dúró de àgbà mọ́?” A kúnlẹ̀, a bẹ wọ́n. Èmi ni mo pàṣẹ fún Zakiyyah pé ohunkóhun tó bá jẹ́ ti Bàbá, kí alárinà má gbé e dànù títí wọ́n á fi fọwọ́ ara wọn tẹ ẹ́. Nígbà tí Bàbá kú, ọmọ yìí rọra wá bá mi pé ká yọ fóònù wọn kúrò. Mo pariwo mọ́ ọn: “Ogójì ọjọ́ Bàbá ò tíì pé, o fẹ́ pa orúkọ wọn rẹ́! Ta ló kọ́ ẹ níwà?” Ogójì ọjọ́ pé, a jẹ sàárà, a gbàgbé. Lateef tó ní fóònù Olúpọ̀nnà ló ń bá wa pe àwọn ará Kuta tó bá mọ̀, ìyẹn ni a ò fi fura.

Ojú tì mí. Mo ti bú Dúró, mo ti bú Zakiyyah, àṣé èmi gan-an ni. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Èmi náà gbàgbé, Mọ̀ọ́mì.” Ìgbàgbé tirẹ̀ ò tó ariwo tèmi.

Mo ní, “Yọ ọ́ kíá!”

Ó ní, “Rárá. Tí mo bá yọ ọ́ lásán, alárinà á gbádùn, ṣùgbọ́n Kuta ò ní ní olóhùn. Ta ló máa kó àwọn ọmọ Adédìpẹ̀ jáde ní Ọjọ́bọ̀? Ẹ jẹ́ ká lọ sí Kuta.”

Àárọ̀ Ọjọ́rú la wọ kẹ̀kẹ́. Màmá Fàtímọ̀, opó Bàbá, ń gé ilá lọ́wọ́ lójúde. Àwa méjèèjì kúnlẹ̀. Wọ́n gbé fóònù náà jáde látinú àpótí, wọ́n ti fi áńkáṣífì Bàbá wé e, ó ti kú pátápátá. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé iṣẹ́ ṣì ń wá sórí rẹ̀. Zakiyyah ò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún wọn. Ó sọ gbogbo rẹ̀.

Màmá ní, “Ọ̀kẹ́ mọ́kànlá. Gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rọ yín fi ń bèèrè bóyá Bàbá Fàtímọ̀ wà níbẹ̀?”

“Ẹ̀ẹ́n, mà. Ṣùgbọ́n mọ́kàndínlógún nínú rẹ̀, ìpè ẹ̀jẹ̀ tòótọ́ ni.”

Wọ́n yíjú sí mi. “Ṣé àwọn mọ́kàndínlógún yẹn rí ẹ̀jẹ̀ gbà?”

Mo ní, “Wọ́n rí gbà, Màmá. Ẹnì kan ló pẹ́ kó tó rí, ó kù díẹ̀ kó bọ́.”

Wọ́n fi ọ̀bẹ sílẹ̀. “Bàbá Fàtímọ̀ ì bá bínú gan-an. Ẹ ò lè fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi tèmi tì í?”

Mo ti fẹ́ ní a lè fi í sílẹ̀. Ṣé ẹ rí ẹnu mi? Zakiyyah ló ṣáájú mi. Ohùn rẹ̀ kéré bíi tàná, ṣùgbọ́n kò gbọ̀n: “Ẹ má bínú, Màmá. Tó bá wà níbẹ̀, a ó tún máa dúró de ẹni tí kò lè dáhùn ni. Obìnrin kan wà lọ́dọ̀ wa tí kò lè dúró.”

Omi lé ròrò sójú Màmá. Wọ́n wá ní, “Yọ ọ́. Kọ tèmi síbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi náà ń lọ sóko o. Tí ẹ bá pè mí tí ẹ ò rí mi, ẹ pe ẹlòmíì. Ẹ má dúró dè mí.”

Ibẹ̀ ni Zakiyyah ti yọ orúkọ Bàbá. Ó fi ìwé rẹ̀ hàn mí: iye náà já wálẹ̀, nígbà Àlásárì kò gòkè, nígbà Ìṣàì kò gòkè.

Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá, wọ́n gbé Faridah wọlé. Ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn náà, dókítà kígbe pé ẹ̀jẹ̀ ń dà jù. Mo tẹ ìpè. Kí n tó gbé ọwọ́ kúrò, Kuta ti dáhùn. Màmá tún pè mí: “Àwọn ọmọ Adédìpẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gun ọ̀kadà. Èmi ń bọ̀ lẹ́yìn.”

Àwọn ọmọ Adédìpẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, wọ́n sì fún un lẹ́jẹ̀; ọ̀sán ni Màmá dé, eruku gbogbo ara. Faridah ti là á já, ọmọ obìnrin ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Màmá wo ìyá, wọ́n wo ọmọ, wọ́n ní, “Ẹ ò dúró dè mí lóòótọ́.”

Mo ní, “A ò dúró, Màmá.” Ni àwa méjèèjì bá bú sẹ́kún.