Ọjọ́ Tí Wọ́n Gbin Àbúrò Mi

Lánàá, níbi tí a ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí kò tètè rìn, ìyá kan ṣí ìgò àdín. Òórùn rẹ̀ gbé mi padà sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Òdòdè.

Ọ̀sán gangan ni. Kòkó tí bàbá mi sá sórí ẹní ń rùn kíkan. Ìyá àgbà fi àdín ra ẹsẹ̀ àbúrò mi, tí kò tíì rìn, tí kò sì tíì sọ̀rọ̀. Ó gbẹ́ ihò sínú yanrìn gbígbóná, ó gbé e dúró síbẹ̀, ó sì fi yanrìn bò ó dé ìbàdí, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè lágbára.

Nọ́ọ̀sì tó máa ń wá wo àbúrò mi nílé wọlé dé. Mo rò pé yóò bínú, àmọ́ ńṣe ló kúnlẹ̀. "Ẹ má yọ ọ́, Màmá. Ẹ jẹ́ kó di ọwọ́ mi mú." Tíṣà aládùúgbò wa náà kúnlẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń fi orúkọ àbúrò mi kọrin.

Mo ti rí bí wọ́n ṣe ń gbin kòkó, mo sì mọ ohun tó kù. Mo bu omi, mo rọra dà á sídìí rẹ̀.

"Kí lò ń ṣe yẹn?" Ìyá àgbà bi mí.

"Kó lè tètè dàgbà ni, Mà."

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Àbúrò mi náà rẹ́rìn-ín.

Kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn rí láyé.

Lánàá, ìyá tó ṣí ìgò àdín náà fẹ́ dé e padà, ojú ń tì í. Mo ní, "Ẹ fi ra ọmọ yín lẹ́sẹ̀ ná, Mà." Mo pe dókítà, mo pe ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́rọ̀ sísọ, gbogbo wa sì kúnlẹ̀ yí ọmọ náà ká.